Ìsìnkú bàbá mi dá mi dúró nílé pẹ́: ṣé kí n fi fọ́ọ̀mù ọmọ ìlú UK ránṣẹ́ báyìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe ní Leeds níbí. Oṣù tó kọjá ni ILR mi (ìwé àṣẹ láti máa gbé ní UK títí láé) pé ọdún kan, mo sì ti yege ìdánwò Life in the UK: mo gba 21 nínú ìbéèrè 24. Ṣùgbọ́n bàbá mi kú ní Ìlá lóṣù kejì. Èmi ni àkọ́bí, ta ni mo fẹ́ fi òkú sílẹ̀ fún? Lálẹ́ àná mo tẹ́ pásípọ́ọ̀tù sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń fi bírò ṣírò ọjọ́ láti òǹtẹ̀ sí òǹtẹ̀. Ọjọ́ 113 ni mo fi wà lẹ́yìn UK. Ọjọ́ 90 ni òfin sì gbà kéèyàn fi wà lẹ́yìn ibí láàárín oṣù 12 tó kẹ́yìn kó tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Tí wọ́n bá kọ̀ mí, owó fọ́ọ̀mù lọ nìyẹn, ọdún kan ààbọ̀ ni mo sì fi tọ́jú ẹ̀.

Màmá mi tún ń bi mí pé tí mo bá búra fún ọba wọn, ṣé mi ò ní í jẹ́ ọmọ Ìlá mọ́?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún bàbá. Ọjọ́ tí ẹ kúrò níbí àtọjọ́ tí ẹ padà dé kò sí nínú kíkà, 111 ni tiyín. Ẹ má fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lónìí. Ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù bá dé ọwọ́ Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń gbà á, ni wọ́n ti ń ka oṣù 12 yẹn padà sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kó di ìparí oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀, ọjọ́ tó tó ọgbọ̀n á ti yọ kúrò. Ìrántí ọdún kan ló máa dà yín láàmú. Ẹ jọ̀ọ́, owó ni kí ẹ fi ránṣẹ́, ẹ má lọ.

Bàbá Glasgow:
Àbúrò, òótọ́ ni wọ́n sọ fún ẹ. Wọ́n sábà máa ń fojú fo ohun tí kò bá ju 100 lọ, tìẹ ti kọjá ibẹ̀. Ka ti ọdún márùn-ún náà: kò gbọ́dọ̀ ju 450. Kí o sì rí i pé ọjọ́ tí o bá fẹ́ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, orí ilẹ̀ yìí lo wà lọ́jọ́ náà gan-an lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wo ìyẹn rárá, ó sì ń dùn mí fún wọn.

Ní ti Màmá, abala 28 ìwé òfin àgbà Nàìjíríà ti 1999 sọ ọ́: ẹni tí a bí ní ọmọ Nàìjíríà kò pàdánù ẹ̀ nítorí pé ó gba ti ìlú mìíràn.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣé gan-an, mo dúpẹ́. Mo ti tún un kà, 111 ni lóòótọ́. Àbúrò mi ọkùnrin ló máa dúró fún mi níbi ìrántí, ó sì ń dùn mí. Mo pe Màmá láàárọ̀ yìí, mo túmọ̀ abala 28 fún wọn. Wọ́n ní kí n tún un sọ.