Kí lẹ máa ń ṣe sáwọn oníjàngbọ̀n òṣèlú orí ayélujára?

Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá ti fẹnu ba ọ̀rọ̀ ìdìbò báyìí, ẹnìkan á yọjú, á ní kí n mú ẹ̀rí wá, mo fún un ní línkì, kò kà á, ó tún béèrè òmíì, títí ó fi bú ìyá mi. Ṣé kí n block ẹ̀ ni?

— Má dá a lóhùn mọ́ jàre, èsì ẹ gan-an ló ń gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀ sókè. Mute ẹ̀, o ò ní rí ọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́, òun náà ò sì ní mọ̀; tó o bá block ẹ̀ á máa fi yangàn.

— Wo ìgbà tó ṣí àkáǹtì ẹ̀ ná, tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i, ó lè jẹ́ torí ìjàngbọ̀n ló ṣe ṣí i. Iṣẹ́ olówó oṣù làwọn míì ń fi ṣe o, ní 2018 Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan iléeṣẹ́ Rọ́ṣíà kan lórí ẹ̀.

— Haa, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ṣí i! Mo ti mute ẹ̀.