Ìlérí Ọlọ́run àti àṣẹ tó bá a rìn: báwo la ṣe ń tẹ̀ lé e?

Olùkọ́ Kíláàsì Àgbà:

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o, ẹ̀yin ará. Kíláàsì àwọn àgbà ni mò ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ẹ̀kọ́ tó kàn sì dá lórí gbígba ìlérí Ọlọ́run. Jeremáyà 29:11, níbi tí Ọlọ́run ti ní èrò àlàáfíà ni òun ń rò sí wọn láti fún wọn ní ìrètí, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ṣe ẹsẹ ọdún. Ó wà lára ògiri ilé, ó wà lórí WhatsApp, wọ́n sì ń fi ohùn rara kéde rẹ̀ ní àìsùn. Ṣùgbọ́n tí mo bá bi wọ́n pé kí ni Ọlọ́run ní kí àwọn tó gba ìlérí yẹn máa ṣe, kò sẹ́ni tó ń dáhùn. Àwọn mìíràn tún wà tó jẹ́ pé wòlíì kan ló sọ fún wọn pé ìlérí wọn wà ní ìlú mìíràn, kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n kó lọ.

Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ìlérí kan jẹ́ ti òun? Báwo ló ṣe ń dán ìtọ́sọ́nà wò kó tó gbé ẹsẹ̀? Tó bá sì ti gbọ́ràn tí kò rí ohun tó ń retí, kí ló kù tó lè ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí wọ́n lè dé ilé ṣe ni mò ń wá.

Akàwé:

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Jeremáyà 29 tí ẹ mú wá yìí nìkan tó ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á láti ẹsẹ kìn-ín-ní, kí wọ́n má fò dé ẹsẹ 11. Lẹ́tà ni. Jeremáyà kọ ọ́ láti Jerúsálẹ́mù sí àwọn tí Nebukadinésárì kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì lẹ́yìn tí ó mú ọba Jekonáyà, ní nǹkan bí ọdún 597 ṣáájú ìbí Kírísítì. Àwọn wòlíì sì wà láàárín wọn tí ń sọ fún wọn pé kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi padà sílé. Ní orí 28, wòlíì èké kan, Hananáyà, dúró nínú ilé Olúwa, ó gba àjàgà tí Jeremáyà fi ṣe àmì ìsìnrú Bábílónì kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ, ó ní láàárín ọdún méjì ni Ọlọ́run yóò ṣẹ́ àjàgà Bábílónì. Inú ará ìlú á dùn sí irú ìwàásù bẹ́ẹ̀. Ọdún yẹn gan-an, ní oṣù keje, ni Hananáyà kú.

Ẹ wá wo ohun tí lẹ́tà náà ní kí wọ́n ṣe, láti ẹsẹ 5 sí 7. Ẹ kọ́ ilé, kí ẹ máa gbé inú rẹ̀. Ẹ gbin ọgbà, kí ẹ jẹ èso rẹ̀. Ẹ fẹ́ ìyàwó, ẹ bímọ, ẹ wá ìyàwó fún àwọn ọmọ yín. Ẹ máa wá àlàáfíà ìlú tí a kó yín lọ, ẹ sì máa gbàdúrà fún un. Ẹsẹ 8 àti 9 ní kí wọ́n má jẹ́ kí àwọn wòlíì tó wà láàárín wọn tàn wọ́n. Ẹsẹ 10 dá ìgbà: 70 ọdún. Ìgbà yẹn la tó wá kan ẹsẹ 11 tí gbogbo wa fẹ́ràn, ẹsẹ 12 àti 13 sì tún pàṣẹ lé e pé kí wọ́n ké pe Ọlọ́run, kí wọ́n fi gbogbo ọkàn wá a.

Ẹni tó bá gba ti Hananáyà gbọ́ kò ní kọ́lé ní Bábílónì. Kí ló fẹ́ kọ́lé sí nígbà tó kù díẹ̀ kó lọ? Ẹrù rẹ̀ á wà ní dídì lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn 70 ọdún, ta ni yóò padà? Ọmọ àti ọmọ-ọmọ ẹni tó gbọ́ràn sí ẹsẹ 6 ni. Ẹni tó kọ̀ tí kò fẹ́ ìyàwó, tí kò bímọ, kò ní ẹni tí yóò fi ẹsẹ̀ tẹ Jerúsálẹ́mù ní orúkọ rẹ̀. Àṣẹ inú ẹsẹ 6 yẹn gan-an ni Ọlọ́run fi tọ́jú àwọn tí ìlérí ẹsẹ 10 máa ṣẹ sí lára. Ibi tí mo fẹ́ kí àwọn àgbà kíláàsì yín dúró lé nìyẹn.

Ẹ mú wọn dé Dáníẹ́lì 9 náà. Dáníẹ́lì ka ìwé Jeremáyà, ó rí i pé 70 ọdún ni. Kò ní "ó ti dé nìyẹn" kó jókòó. Àwẹ̀, aṣọ ọ̀fọ̀ àti eérú ló fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ àti ti àwọn ènìyàn rẹ̀ ló kọ́kọ́ jẹ́wọ́, kó tó wá tọrọ lórí Jerúsálẹ́mù. Bí wọ́n ṣe ń fi ìlérí gbàdúrà nìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ ilé, kí olúkúlùkù mú ìlérí kan ṣoṣo, kó kọ ìdáhùn mẹ́rin sínú ìwé: ta ni Ọlọ́run sọ ọ́ fún, kí ló ní kí wọ́n ṣe nínú orí kan náà, ṣé ó dá ìgbà fún un, kí ni Májẹ̀mú Titun sọ nípa irú ìlérí bẹ́ẹ̀ fún àwa tó wà nínú Kírísítì. Wọ́n lè fi Fílípì 4:19, tó ní Ọlọ́run yóò pèsè gbogbo àìní yín, dán an wò. Àwọn tí Pọ́ọ̀lù sọ ọ́ fún ti fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nígbà tó wà ní Tẹsalóníkà, wọ́n sì tún fi òmíràn rán Ẹpafíródítù sí i. Ẹni tó ń fi ẹsẹ yẹn tọrọ tí ọwọ́ rẹ̀ sì há pinpin sí iṣẹ́ ìhìnrere, kó lọ ka ẹsẹ 14 sí 18.

Ìyá Ẹgbẹ́ Aládùúrà:

Ọlọ́run á bù kún Akàwé. Ọ̀rọ̀ wòlíì yẹn ni màá dáhùn, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí ìpalára jù.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka 1 Àwọn Ọba 13. Ọlọ́run sọ fún ènìyàn Ọlọ́run tó ti Júdà wá pé kó má jẹun ní Bẹ́tẹ́lì, kó má mu omi, kó má sì gba ọ̀nà tó bá wá padà. Ọba Jeróbóámù pè é wálé fún oúnjẹ àti ẹ̀bùn, ó kọ̀. Wòlíì àgbà kan wá bá a lábẹ́ igi, ó ní áńgẹ́lì ló rán òun, ó bá a padà lọ jẹun. Kìnnìún pa á lójú ọ̀nà. Ohun tó fọ́ ọkàn mi nínú ìtàn yìí ni pé kò bi Ọlọ́run léèrè pé ṣé lóòótọ́ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹni tó ti gba àṣẹ tó dájú kò gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ tí a gbẹnu ẹlòmíràn jẹ́ pa á rẹ́, ì báà jẹ́ àgbà, ì báà wọ sùtánà.

Síbẹ̀, Pọ́ọ̀lù ní ká má kẹ́gàn àsọtẹ́lẹ̀. Ká wádìí ohun gbogbo, ká di èyí tó dára mú, 1 Tẹsalóníkà 5:20-21. Bí a ṣe ń wádìí rẹ̀ rèé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sọ ọ́, kọ ọ́ sílẹ̀ bó ti jáde lẹ́nu gan-an, pẹ̀lú déètì. Sọ́tọ̀, kọ ìtumọ̀ tí ìwọ tàbí ẹlòmíràn fún un. Nǹkan méjì ni wọ́n, ibi tí a sì ti máa ń dà wọ́n pọ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ní Ìṣe 21, Ágábù mú àmùrè Pọ́ọ̀lù, ó fi di ara rẹ̀ tọwọ́ tẹsẹ̀, ó ní báyìí ni wọn yóò ṣe di ẹni tó ni ín ní Jerúsálẹ́mù. Òótọ́ ni iṣẹ́ tó jẹ́. Àwọn ará wá ń sunkún pé kí Pọ́ọ̀lù má lọ, ṣùgbọ́n Ágábù kò sọ pé kó má lọ. Ìfẹ́ wọn ni wọ́n fi kún un. Pọ́ọ̀lù lọ, torí Ẹ̀mí ló ń darí rẹ̀ lọ síbẹ̀, Ẹ̀mí Mímọ́ sì ti ń sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀wọ̀n ń dúró dè é níwájú, Ìṣe 20:22-23.

Lẹ́yìn èyí, fi ọ̀rọ̀ náà wé Ìwé Mímọ́. Bó bá ní kó o purọ́, kó o fi ọkọ tàbí aya sílẹ̀, kó o pa ìtọ́jú ilé rẹ tì, o kò nílò àwẹ̀ kankan lórí rẹ̀, Ìwé Mímọ́ ti dáhùn; 1 Tímótì 5:8 ní ẹni tí kò pèsè fún ará ilé rẹ̀ ti sẹ́ ìgbàgbọ́. Bí kò bá lòdì, gbàdúrà lé e, kó o sì sọ ọ́ fún àgbà méjì tàbí mẹ́ta tó dúró nínú Ọ̀rọ̀, tí kò sí èrè kankan fún wọn níbẹ̀. Ẹni tó jẹ́ iṣẹ́ náà kò sí lára wọn. 1 Kọ́ríńtì 14:29 ní kí àwọn yòókù wádìí ohun tí wòlíì sọ. Bí wòlíì bá bínú pé ẹ lọ wádìí, tàbí tó ń béèrè owó kó tó sọ ìyókù, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìṣe 16 náà dára. Ẹ̀mí Mímọ́ kọ̀ fún wọn láti wàásù ní Éṣíà, kò tún jẹ́ kí wọ́n wọ Bitíníà, wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ sí Tíróásì. Ibẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ti rí ọkùnrin Makedóníà lójú ìran. Ẹ wo ẹsẹ 10 dáadáa: Pọ́ọ̀lù ló rí ìran, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló jọ parí èrò sí pé Ọlọ́run ló pè wọ́n. Nígbà tí wọ́n ti gbà bẹ́ẹ̀, wọn ò fi falẹ̀ mọ́.

Ẹnìkan á fẹ́ mú irun àgùntàn tí Gídíónì fi béèrè àmì lọ́wọ́ Ọlọ́run wá. Ọlọ́run ti sọ fún Gídíónì ohun tí yóò ṣe kó tó tẹ́ irun àgùntàn. Àánú ni Ọlọ́run fi gbà fún un, kò fi lélẹ̀ fún wa bí ọ̀nà ìwádìí.

Díákónì:

Mo fara mọ́ ohun tí Màmá sọ. Màá fi ti ìgbọràn fúnra rẹ̀ kún un, nítorí ọ̀pọ̀ ló gbọ́ àṣẹ tó tọ́ tó sì ṣe é lọ́nà tí kò tọ́.

Ìgbọràn ní àkókò. Nínú Númérì 13 àti 14, Ísírẹ́lì dé etí ilẹ̀ ìlérí, amí 12 wo ilẹ̀ náà fún 40 ọjọ́, wọ́n sì kọ̀ láti wọ̀ ọ́. Ọlọ́run ní kí wọ́n yí padà sí aginjù fún 40 ọdún. Lọ́jọ́ kejì wọ́n dìde pé àwọn ti ṣetán. Mósè ní kí wọ́n má lọ, àpótí májẹ̀mú kò kúrò ní ibùdó, wọ́n lọ, àwọn ará Ámálékì àti Kénáánì sì lù wọ́n dé Hórímà. Ilẹ̀ kan náà ni, ìlérí kan náà ni, àṣẹ ti yàtọ̀.

Ìgbọràn a sì máa pé. Nínú 1 Sámúẹ́lì 15, Ọlọ́run ní kí Sọ́ọ̀lù pa Ámálékì run pátápátá, ṣùgbọ́n ó dá Ágágì ọba wọn àti àgùntàn tó dára sí, ó ní ẹbọ ni àwọn àgùntàn náà wà fún. Sámúẹ́lì dá a lóhùn pé ìgbọràn sàn ju ẹbọ lọ. Bí àṣẹ bá ní kó o dá owó olówó padà, fífi ìdajì rẹ̀ san ìdámẹ́wàá kò dípò rẹ̀.

Èyí tí a máa ń gbàgbé jù ni pé àná kì í ṣe òní. Ní 2 Sámúẹ́lì 5, Dáfídì béèrè lórí àwọn Fílístínì, Ọlọ́run ní kó gòkè lọ, ó ṣẹ́gun. Wọ́n tún padà wá sí àfonífojì kan náà. Dáfídì tún béèrè. Lọ́tẹ̀ yìí Ọlọ́run ní kó má gòkè, kó yí gba ẹ̀yìn wọn, kó dúró títí yóò fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí àwọn igi. Ká ní ó lo ìdáhùn àkọ́kọ́ ni, àìgbọràn ni ì bá jẹ́.

Nítorí náà ẹni tó gbọ́ràn tí kò rí nǹkan, kó yẹ ara rẹ̀ wò: ṣé ó pé, ṣé ó bọ́ sí àkókò, ṣé àṣẹ tòní ni? Ìdí wà níbì kan.

Arábìnrin Ọ̀rọ̀ Ìyè:

Díákónì, ẹ ṣeun sà, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ fi àyè sílẹ̀ lórí gbólóhùn tí ẹ fi parí yẹn. Àwọn kan wà lórí ibùsùn àìsàn, àwọn kan ń retí ọmọ, tí wọ́n ti fi ègún aláìgbọràn inú Diutarónómì 28 dá lẹ́bi títí wọ́n fi sá kúrò ní ìjọ. Hébérù 11:39 sọ nípa àwọn tó ní ẹ̀rí rere nípa ìgbàgbọ́ tí wọn kò sì gba ìlérí náà nígbà ayé wọn. Kò sí àìgbọràn tí a kà sí wọn lọ́rùn níbẹ̀. Ábúráhámù jẹ́ ẹni ọdún 75 nígbà tó kúrò ní Háránì, ó pé 100 kí a tó bí Ísáákì. Nínú ọdún 25 yẹn, ohun tó kó wàhálà bá ilé rẹ̀ ni pé òun àti Sárà wá ọ̀nà àbùjá láti bímọ nípasẹ̀ Hágárì, ìránṣẹ́bìnrin Sárà. Ó jẹ́ ẹni ọdún 86 nígbà tí a bí Íṣímáẹ́lì.

Ìgbọràn kì í ṣe owó tí a fi ra ìlérí. Inú Jẹ́nẹ́sísì 15 ni a ti ka ìgbàgbọ́ sí òdodo fún Ábúráhámù, orí 17 la tó kọ ọ́ nílà, Pọ́ọ̀lù sì gbé ọ̀rọ̀ ńlá lé ìyẹn nínú Róòmù 4. Nínú Kírísítì ni gbogbo ìlérí Ọlọ́run ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, 2 Kọ́ríńtì 1:20. Ẹni tó ń dúró, kó máa ṣe ohun tó mọ̀ pé Ọlọ́run ní kó ṣe, kó máa tọrọ lójoojúmọ́, kó má wá Hágárì. Hébérù 10:36 ní sùúrù la nílò lẹ́yìn tí a bá ti ṣe ìfẹ́ Ọlọ́run. Ó ṣe é tán, ó ṣì ń dúró. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà.

Díákónì:

Mo gbà, arábìnrin. Kó yẹ ara rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan níwájú Ọlọ́run. Bí kò bá rí ohunkóhun, kó má ṣe máa wá ẹ̀ṣẹ̀ kiri.

Olùkọ́ Kíláàsì Àgbà:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ó ku ẹyọ kan. Ẹnìkan nínú kíláàsì fẹ́ kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ ní ìparí oṣù yìí nítorí àsọtẹ́lẹ̀. Ó ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta. Kí ni kí n sọ fún un lọ́sẹ̀ yìí?

Ìyá Ẹgbẹ́ Aládùúrà:

Kó má kọ ìwé náà lóṣù yìí. Kó kọ àsọtẹ́lẹ̀ náà sílẹ̀ bí mo ṣe wí, kó fi han ìyàwó rẹ̀ kó tó fi han ẹnikẹ́ni. Bí ìyàwó bá ń ṣe iyèméjì, ó gbọ́dọ̀ dúró, kí àwọn méjèèjì jọ gbàdúrà lé e. Kó ka gbogbo gbèsè rẹ̀: owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àjọ tó ti kó ṣáájú tó ṣì ń dá, owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Róòmù 13:8, tó ní ká má jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, kò yọ ẹni tí wọ́n sọ àsọtẹ́lẹ̀ fún sílẹ̀. Kó lọ wo ìlú tí wọ́n dárúkọ náà ní ọjọ́ ìsinmi iṣẹ́, kó béèrè owó ilé, kó béèrè iṣẹ́, kó wá ìjọ tí wọn yóò máa lọ. Jóṣúà náà rán ènìyàn méjì lọ wo Jẹ́ríkò, bẹ́ẹ̀ ìlérí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí àwọn àgbà, ìyàwó rẹ̀ àti Ìwé Mímọ́ bá jọ fẹnu kò, kó fi tó ọ̀gá rẹ̀ létí ní iye ọjọ́ tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ kọ, kó fa iṣẹ́ lé ẹni tó kàn lọ́wọ́ dáadáa, kó sì lọ. Bí wọn kò bá fẹnu kò, kó dúró sí ẹnu iṣẹ́, kó máa ṣe é tọkàntọkàn. Ẹ bá mi kí ìyàwó rẹ̀.