Watershed ń gé àwọn sẹ́ẹ̀lì mi tó tẹ̀ bíi dòjé: kí ni kí n ṣe?

Akẹ́kọ̀ọ́ Yábàá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Fún iṣẹ́ àṣekágbá mi, mo ń wọn ìrísí sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. ImageJ, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń wọn ohun inú àwòrán, ni mo ń lò, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi àtijọ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta tí ó bá fara kan ara wọn, ẹyọ kan ni ó ń kà wọ́n sí. Nígbà tí mo wá lo Watershed, irinṣẹ́ inú ImageJ, láti pín wọn, iye àwọn tó tẹ̀ bíi dòjé dín kù lójijì. Ṣé kí n lọ sórí CellProfiler, ètò mìíràn fún irú iṣẹ́ yìí, ni?

Ará Ìdí-Àràbà:
Àbúrò, ohun tí Watershed mọ̀ ọ́n ṣe gan-an ni ó ṣe. Ó ń wo bí ibi kọ̀ọ̀kan nínú ìrísí ṣe jìnnà sí etí, ibi tí ó bá jìnnà jù ni ó ń mú bí àárín sẹ́ẹ̀lì kan, bí ó bá sì rí àárín méjì, yóò fi ìlà gé e. Èyí dára fún ohun tó rí roboto, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tó gùn tí ó sì tẹ̀ lè di ègé méjì, ègé kọ̀ọ̀kan yóò sì sún mọ́ roboto ju odindi lọ. Circularity ni ìwọ̀n bí ohun kan ṣe rí roboto tó: ti òbìrìkìtì gidi jẹ́ 1, ti ohun tó gùn a sì máa lọ sísàlẹ̀ sí 0. Nítorí náà, dòjé tí a gé ti kúrò nínú iye rẹ kí o tó ṣírò ohunkóhun.

Orí síláìdì ni kí o ti tún un ṣe. Fa ẹ̀jẹ̀ náà kí ó fẹ́lẹ́, kí o ya àwòrán níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó bá ṣì lẹ̀ mọ́ra, fi ọwọ́ yà á sọ́tọ̀ tàbí kí o yọ ọ́, kí o sì kọ iye tí o yọ sílẹ̀. CellProfiler dára bí àwòrán bá tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ṣùgbọ́n irú ọgbọ́n kan náà ni òun pẹ̀lú fi ń pín sẹ́ẹ̀lì.

Olùkọ́ Ṣúrùlérè:
Mo fara mọ́ ọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi JPEG tọ́jú àwòrán; fífún tí ó ń fún un mọ́lẹ̀ ń ba etí sẹ́ẹ̀lì jẹ́, etí yìí gan-an ni a sì ń wọ̀n. TIFF ni kí o lò. Ǹjẹ́ o yẹ Set Scale wò, níbi tí a ti ń sọ ìwọ̀n àwòrán fún ImageJ? Sẹ́ẹ̀lì pupa tó yá gágá fẹ̀ tó máíkírómítà 7 sí 8. Mélòó ni tìrẹ?

Akẹ́kọ̀ọ́ Yábàá:
Ẹ ṣeun gan-an, sà. Nǹkan bíi 19 ni mo rí. Ìwọ̀n tí mo ṣe fún lẹ́nsì 40 ni mo lò fún àwòrán tí mo fi lẹ́nsì 100 yà. Circularity kò yí padà nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ààyè (area) sẹ́ẹ̀lì tí mo kọ sílẹ̀ ti ju bó ṣe yẹ lọ ní ìlọ́po mẹ́fà. Mo ti ń tún wọn wọ̀n láti àwòrán àkọ́kọ́.