Òrùlé fáíbà ọkọ̀ mi ń yọ ìyẹ̀fun: ṣé kí n kùn ún ni, àbí kí n mú un dán?

Ẹ̀yin onímọ̀, mo kí yín láti Kàbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Èmi àti ìyàwó mi ní ọkọ̀ kan tí a ṣe bí ilé, tó ní ibùsùn àti ibi ìdáná, tí fáíbà sì ni òrùlé rẹ̀. Oòrùn ti jẹ ìpele òkè rẹ̀ tó ń dán, èyí tí wọ́n ń pè ní gelcoat, débi pé bí mo bá fọwọ́ nù ún, ìyẹ̀fun bí ẹfun ló ń bá ọwọ́ mi wá. Ó tún ti sán tín-tìn-tín lẹ́bàá fèrèsé òkè, omi sì kán sórí ibùsùn wa lásìkò òjò tó kọjá.

Mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Mo fi sílíkóònù dí ẹ̀bá fèrèsé náà, ṣùgbọ́n ó ṣí. Ìgbà náà ni mo wá mọ̀ pé ọ̀dà tàbí àtè mìíràn kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ ibi tí sílíkóònù bá ti kàn, mo sì ń fi ọ̀bẹ oníke ha á kúrò díẹ̀díẹ̀. Ó dùn mí pé n kò kọ́kọ́ béèrè. Ọ̀dà dúdú tí ẹnìkan dá lábàá kò wù mí rárá, nítorí ooru tí yóò fà sínú ọkọ̀.

Lẹ́yìn tí mo bá ti dí ojú ibi tó sán, ṣé kí n fi sáńdípépà ha òrùlé náà kí n sì kùn ún ní ọ̀dà funfun ni, àbí kí n mú un dán kí n sì fi wáàsì (wax, èyí tí wọ́n fi ń pa ara ọkọ̀ kó lè máa dán) bò ó, kí òjò oṣù kẹrin tó dé?

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí yóò dáhùn.