Èsì: “Gbohùngbohùn alágbára” kọ́ ló yẹ ká máa pe míkírò yẹn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Mo ti ka gbogbo ohun tí a kọ láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, olùkọ́ ní Kétu ti Benin, ti béèrè míkírò USB (ẹ̀rọ tó ń gba ohùn, tí a ń fi okùn so mọ́ kọ̀ǹpútà) tí owó rẹ̀ kò ní ga jù. Ó fẹ́ fi gba àlọ́ àti orin ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ tó kọjú sí títì, kó sì tún máa fi bá àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun sọ̀rọ̀. Ìbéèrè rẹ̀ ti di àríyànjiyàn orúkọ. Bàbá wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ ní ká má pe ẹ̀rọ náà ní gbohùngbohùn mọ́. Àbúrò wa ní Pọ́bẹ̀ kó àtòkọ ọ̀rọ̀ tuntun wá, ó túmọ̀ ohun tí wọ́n kọ lédè Faransé sára páálí míkírò níkọ̀ọ̀kan: condensateur di “akónájọ”, dynamique di “alágbára”, cardioïde di “onírísí ọkàn”, gain di “èrè”. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ tó ṣe, torí ẹni tó jókòó kọ nǹkan sílẹ̀ ti ṣe ju ẹni tó kàn ń ṣàríwísí lọ. Àmọ́ mo fẹ́ bá a jiyàn gidi, nítorí pé owó èèyàn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Kí n kọ́kọ́ dá Bàbá lóhùn. Ẹ ní gbohùngbohùn ni ohun tí àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ máa ń dá padà fún ẹni tó bá kígbe lẹ́bàá àpáta, kí òyìnbó tó gbé ẹ̀rọ kankan dé. Òótọ́ ni, Bàbá, ẹnikẹ́ni ò lè gba ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́ àpáta. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi “ẹ̀rọ” ṣáájú rẹ̀ nínú ìwé: ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Tí “ẹ̀rọ” bá ti wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rò pé òkè là ń sọ.

Ohun tó ń dùn mí jù ni àwọn tó ń pe báfù (ẹ̀rọ tí ohùn ń ti inú rẹ̀ jáde) náà ní gbohùngbohùn. Níbí, ohùn tó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí ti dájọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ wò ó: “gbé ọmọ” di gbọ́mọ, òun la fi ní gbọ́mọgbọ́mọ. Ohùn òkè tó wà lórí “gbé” kò sọnù. Ká ní “gbé ohùn” ni, gbóhùngbóhùn ni à bá máa wí. Ṣùgbọ́n gbohùngbohùn là ń wí, ohùn àárín ló wà lórí “gbo”, torí pé inú “gba ohùn” ló ti jáde, gẹ́gẹ́ bí agbohùnsílẹ̀ ṣe jáde láti inú “gba ohùn sílẹ̀”. Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn ni. Báfù ló ń gbé ohùn jáde, nítorí náà agbóhùnjáde ni kó máa jẹ́, pẹ̀lú àmì òkè lórí “gbó”. Àmì kan péré ló ya gbígbà kúrò lára gbígbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀, yálà ẹ la fi ń kọ ọ́ bíi ti Nàìjíríà tàbí ɛ bíi tiwa ní Benin.

Ní ti ọjà, ẹ fi míkírò sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dé ọjà Wàndó níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tó ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn lòun ń wá, ọmọ tó ń tajà á kàn máa wò ó ni. Tó bá ní míkírò, wọ́n á gbé e wá. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, àwọn Faransé pàápàá gé ọ̀rọ̀ náà, microphone, kù sí micro ni, “kékeré” sì ni ìdajì tí wọ́n mú yẹn túmọ̀ sí lédè Gíríìkì. Nígbà tí Charles Wheatstone, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, lo orúkọ yẹn ní ọdún 1827, ohun tó ní lọ́kàn ni irinṣẹ́ tí èèyàn fi ń gbọ́ ìró kékeré tí etí lásán kò lè gbọ́ dáadáa. David Edward Hughes ló wá mú un padà ní 1878 fún ẹ̀rọ tó ń lo iná. Iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, wọn ò fi ohun tó wà nínú rẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀nà tí mo fẹ́ kí àwa náà tọ̀ nìyẹn, torí pé ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé “míkírò” ló ń jẹ owó èèyàn.

Ẹ mú “alágbára” wò. Nínú míkírò tí àwọn Faransé ń pè ní dynamique, wọ́n so wáyà tí wọ́n ká roboto mọ́ awọ tín-ín-rín kan. Tí ohùn bá lu awọ náà, wáyà á máa mì láàárín òòfà, iná kékeré á sì jáde. Lóòótọ́ kì í tètè bàjẹ́, àmọ́ iná tó ń mú jáde kéré gan-an, ó sì fẹ́ kí ẹnu sún mọ́ òun. Ẹni tó bá ra “alágbára”, òpin tábìlì ló máa gbé e sí, torí ó gbà pé agbára rẹ̀ á dé ibi tí òun jókòó sí. Ohùn rẹ̀ á rí tín-ín-rín, á wá ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Orúkọ tí a fún un ló tàn án jẹ.

“Akónájọ” tún burú jùyẹn lọ. Tí mo bá gbọ́ akónájọ, bátìrì ló máa wá sí mi lọ́kàn, màá sì bi ọlọ́jà bí wọ́n ṣe ń sájì rẹ̀. Kò sí ohun tí à ń sájì níbẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ irin, iná wà láàárín àwọn méjèèjì, bí awọ náà ṣe ń sún mọ́ irin tó sì ń jìnnà sí i ni iná yẹn ń yí padà. Nínú àwọn tí owó wọn rọjú, iná ti wà lára èròjà náà láti ilé iṣẹ́ wá, kì í sì í lọ. James West, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, àti Gerhard Sessler, ọmọ Jámánì, ló ṣe irú rẹ̀ jáde ní ilé ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní 1962. Ìwọ̀nba iná tó kù tí míkírò náà nílò, okùn USB ló ń gbé e wá láti ara kọ̀ǹpútà.

Ìwà tó yẹ kí ẹni tó ń rajà mọ̀ ni pé míkírò yìí ń gbọ́ ohun kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń mí. Ó ń gbọ́ fáànù, ó ń gbọ́ odó aládùúgbò, ó ń gbọ́ zémijàn (ọ̀kadà) tó ń yí gíà níwájú ilé. Nítorí náà, agbọ́kẹ́lẹ́ ni mo pe èyí, mo sì pe dynamique ní agbọ́tìtòsí. Ẹni tó bá ti gbọ́ orúkọ méjèèjì ti mọ ibi tó máa gbé e sí kó tó já páálí rẹ̀. Ẹ lè ní agbọ́tìtòsí náà máa ń gbọ́ ariwo ńlá láti òkèèrè. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ tí ẹnu yín bá wà ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin sí i, ohùn yín á bo ariwo náà mọ́lẹ̀.

“Onírísí ọkàn” ńkọ́? Àwòrán tí wọ́n yà sínú ìwé ìlò rẹ̀ ló jọ ọkàn, ẹni tó di irin náà mú kò rí ọkàn kankan. Ohun tí wọ́n fẹ́ sọ ni pé iwájú nìkan ló ń gbọ́ dáadáa, ó ń di etí sí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Agbọ́wájú ni. Èyí tó ń gbọ́ káàkiri jẹ́ agbọ́yíká, èyí tó ń gbọ́ níhà méjì sì jẹ́ agbọ́tiwájú-tẹ̀yìn. Mo fẹ́ràn agbọ́wájú torí pé kò ní jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ ọ jókòó jẹ́ẹ́, á béèrè pé: ibo ni iwájú rẹ̀? Ìbéèrè yẹn gan-an ló yẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ̀rọ̀ sí góńgó orí míkírò Blue Yeti bíi pé àsun ni wọ́n fẹ́ gé jẹ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ sí ni iwájú rẹ̀. Samson Q2U ní tirẹ̀, góńgó orí ni iwájú rẹ̀. Yeti tún ní kókó kan lẹ́yìn tí a fi ń yí i láti agbọ́wájú sí agbọ́yíká. Tí ọwọ́ bá ṣèèṣì yí kókó yẹn, gbogbo yàrá ló máa wọlé.

Ní ti “èrè”, àbúrò mi, ẹ jẹ́ ká pa á rẹ́. Gain kì í ṣe èrè, kì í sì í ṣe ìwọ̀n ìdún. Bí míkírò ṣe tẹ́tí sí ni: ìwọ̀n ìtẹ́tí. Ẹ wo ohun tí yíya méjèèjì sọ́tọ̀ ń ṣe. Ẹni tó jókòó jìnnà á yí ìtẹ́tí dé òpin, fáànù á gòkè pẹ̀lú ohùn rẹ̀, ìgbà tó bá rẹ́rìn-ín, ohùn á fọ́. Á wá lọ dín ìdún kù. Ohùn tó ti fọ́ nígbà tó ń wọlé, dídín ìdún kù kò lè tún un ṣe.

Ẹ tún kọ ọ́ pé míkírò olówó pọ́ọ́kú ń pa ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ Yorùbá. Rárá o. Tẹlifóònù àtijọ́ kò gbà ju ohun tó wà láàárín hertz 300 sí 3,400 (iye ìgbà tí ìró ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan) lọ, ìpìlẹ̀ ohùn ọkùnrin, ìyẹn ìró tó rẹlẹ̀ jù nínú ohùn rẹ̀, sì sábà máa ń wà nísàlẹ̀ 300. Síbẹ̀ àwọn bàbá wa gbọ́ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ lórí rẹ̀ láìsí ìdàrú, torí pé àwọn ìró tó wà lókè ìpìlẹ̀ yẹn máa ń bá a gòkè, wọ́n sì ń bá a sọ̀kalẹ̀, etí sì ń ti ara wọn mọ ibi tí ìpìlẹ̀ wà. Gbogbo míkírò USB ló ń gbà ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ẹ má sì jẹ́ kí 192 kHz tí wọ́n kọ sára páálí (iye ẹgbẹ̀rún ìgbà tí ẹ̀rọ ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan) gba owó lọ́wọ́ yín, 44.1 tàbí 48 ti tó fún ohùn èèyàn.

Ohun tó ń ba ohùn jẹ́ lórí ìpè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ètò tó ń pa ariwo. Ó máa ń ka ìlù àti orin tí a fà gùn sí ariwo, á sì gé e. Nínú Zoom, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “Original sound” sí, kí ẹ ṣí i kí ẹ tó kọrin.

Ẹ̀gbọ́n mi ní Kétu, èsì tiyín rèé. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2001, ọ̀dọ̀ yín la ti ń gbọ́ orísun rẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ ńlá ni gbígba orin ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀. Pẹ̀lú yàrá tó kọjú sí títì, agbọ́tìtòsí tó jẹ́ agbọ́wájú ló bá yín mu, irú Samson Q2U. Ó ní ihò tí ẹ lè ki ẹ̀rọ àfisétí bọ̀ láti gbọ́ ara yín. Tí owó rẹ̀ bá wọ̀ yín lọ́rùn, Fifine K669 wà lára àwọn tí owó wọn rọjú jù. Agbọ́kẹ́lẹ́ nìyẹn, agbọ́wájú sì ni pẹ̀lú. Ẹ kẹ̀yìn rẹ̀ sí títì, ẹ pa fáànù, ẹ ta aṣọ tó nípọn sára ògiri kó má baà dá ohùn padà, ẹ fi ẹnu sí i ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan, kí ìtẹ́tí rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Ẹ yẹ ẹnu kúrò lọ́gangan rẹ̀ díẹ̀ kí èémí “b” àti “f” má baà máa bú gbàù. Tí ẹ bá ní “USB” nìkan, clé (fláàṣì tí a fi ń kó fáìlì) ni wọ́n máa nà sí yín, nítorí náà ẹ sọ ọ́ tán: míkírò USB. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín dání, kí wọ́n fi dán an wò lójú yín kí ẹ tó sanwó.