Ọmọ mi mọ bọ́ọ̀lù, àmọ́ kì í sọ̀rọ̀: báwo ló ṣe máa darí ẹgbẹ́?

Ẹ̀yin òbí tó wà ní Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (American football) ni ọmọkùnrin mi ń gbá; òun ni quarterback, ìyẹn ẹni tó ń darí eré tó sì ń ju bọ́ọ̀lù sáwọn yòókù, fún ilé ẹ̀kọ́ girama wọn ní Houston. Ọdún àṣekágbá rẹ̀ nìyí. Kóòṣì ní kó máa ṣe aṣáájú, kó sì máa kọ́ àbúrò kan nínú ẹgbẹ́ wọn tó máa gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ ò ṣòro fún un, ẹnu ló wúwo. Tí wọ́n bá kóra jọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe nìkan ló máa sọ. Ẹni tó bá já bọ́ọ̀lù sílẹ̀, kò ní bá a wí, kò sì ní kí i láyà.

Mo sọ ti Alex Smith, quarterback kan tó fi eré yìí ṣiṣẹ́ ṣe, fún un. Ní 2017, ẹgbẹ́ rẹ̀, Kansas City Chiefs, mú ọ̀dọ́ quarterback kan, Patrick Mahomes, wá, Smith ò bá a ṣọ̀tá. Ó jẹ́ kó rí bí òun ṣe ń múra ìdíje sílẹ̀. Ní 2018, Mahomes gbapò. Ọmọ mi ní, "Mọ́mì, wọ́n ṣáà ń sanwó fún Smith." Ẹ ò rí ọmọ yìí!

Ṣé kó máa bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ni, àbí kí n lọ rí kóòṣì? Bàbá rẹ̀ ní kí n má dá sí i.