Wọ́n gba ilé, wọ́n tà á, gbèsè tún kù: ẹni tó ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ wá sọ tiyín

Àbẹ̀kẹ́SE28
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa ní UK. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mò ń bá béèrè, kì í ṣe èmi (ẹ má rẹ́rìn-ín, òun ni lóòótọ́). Báǹkì gba fúláàtì ẹ̀ ní Thamesmead ní 2019, wọ́n sì tà á lọ́dún yẹn náà, ó ní kò sóhun tó tún pa òun àtàwọn pọ̀ mọ́. Àfi bí lẹ́tà ṣe já wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá látọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan tá ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, wọ́n ní ó ṣì jẹ £31,000 ó lé. Ẹni tírú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe bọ́ ńbẹ̀? Ó ń sọ pé lọ́la òun á pè wọ́n, òun á bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kóun máa san £50 lóṣù.

ỌmọOlúyọ̀lé
Kó má pe ẹnikẹ́ni. Kó má san kọ́bọ̀. Oṣù wo ní 2019 ni wọ́n tà á?

ÌyáÌbejìDagenham
Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, jókòó kí n rojọ́ fún ẹ. Tèmi ti pẹ́ o. 2006 la ra ilé wa, ìgbà tí báǹkì ń bẹ èèyàn pé kó wá yáwó, àwọn kan tiẹ̀ ń yáni 125%, ìyẹn ni pé wọ́n á fún ẹ ju iye tílé ń jẹ́ gan-an lọ, a sì gbà, ta ni kò ní gbà. Nígbà tó di 2008 tí gbogbo nǹkan dẹnu kọlẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, ó ní òun ń lọ sílé lọ sìnkú bàbá òun, òkú yẹn ò tíì wọlẹ̀ dòní. Èmi nìkan pẹ̀lú ìbejì, mò ń fọ ọ́fíìsì lóru, mò ń ṣe kẹ́ẹ̀ (iṣẹ́ títọ́jú arúgbó àti aláìsàn) lọ́sàn-án, kò tó náà ni. Kóòtù dájọ́, béílífù dé láàárọ̀ kùtù, wọ́n pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ lójú àwọn ọmọ. Mo ní ó dáa, ẹ máa mú ilé yín lọ. Wọ́n lọ lù ú ní gbàǹjo.

Ó pẹ́ dáadáa kí lẹ́tà tó dé, orúkọ èmi nìkan ló wà lára ẹ̀. Mo ṣí i, mo rí ìwé ìṣirò. Owó tí wọ́n fi pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, ọrùn mi. Owó tí wọ́n fi fa omi inú páìpù gbẹ torí òtútù, ọrùn mi. Éjẹ́ǹtì, lọ́yà, onígbàǹjo, ọrùn mi. Èlé ò sì dúró o, ó ń gorí ara ẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n rí ẹni ra ilé. Àpapọ̀ ẹ̀ £27,000. Mo ní ṣebí àwa méjì la jọ fọwọ́ sí i, ẹ jẹ́ n san ìdajì tèmi, obìnrin orí fóònù ní rárá mà, ẹnikẹ́ni tọ́wọ́ àwọn bá bà nínú ẹ̀yin méjèèjì ló ni gbogbo ẹ̀.

Adéṣewà
Ọkọ yẹn dà báyìí?

ÌyáÌbejìDagenham
Ó wà n'Íkòròdú. Ó ti kọ́lé.

ṢọláPeckham
Yéèè

BàbáTọ́mi
Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu ọkùnrin náà.

Adéṣewà
Bàbá, kí lẹ fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ̀? Ṣé kó wá sọ irú táìlì tó fi sínú ilé ni?

ṢọláPeckham
Tí wọ́n bá ní kí n wá jẹ́rìí ní kóòtù kíá ni màá dé. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò lè fi òfin mú un níbẹ̀ ni?

ÌyáÌbejìDagenham
Owó lọ́yà tí màá fi lé e dé Ìkòròdú ju nǹkan tí màá gbà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ. Mo ti fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Báǹkì náà kúkú mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, èmi tí mo wà nítòsí ni wọ́n rí mú.

ỌmọOlúyọ̀lé
Ẹ padà sórí ọ̀rọ̀ jàre. Ìyá Ìbejì, báwo lẹ ṣe wá yanjú ẹ̀?

ÌyáÌbejìDagenham
Citizens Advice ni mo lọ, àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọdébìnrin kan ló jókòó tì mí, ó ní láti òní lọ n ò gbọdọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù mọ́, ìwé sí ìwé ni. A kọ gbogbo owó tó ń wọlé àtèyí tó ń jáde, títí kan owó bọ́ọ̀sì, ká lè fi hàn wọ́n pé kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ rí gbà lára mi. Nígbà tí àjọ kàn mí, mo ní mo ní £3,000 nílẹ̀, kẹ́ ẹ gbà á kọ́rọ̀ tán. Wọ́n kọ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàádúrà bíi pé Ọjà Ọba la wà. Wọ́n gbà ní £4,500. Ọmọ yẹn tún ní kí n má tíì san o, kí lẹ́tà wọn kọ́kọ́ dé tó sọ pé tí wọ́n bá ti gba iye yìí, kò sí nǹkan kan mọ́ láéláé. Lẹ́tà yẹn wà nínú Bíbélì mi, Sáàmù 124 ni mo fi há.

KúnléE17
Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sanwó yìí, owó yín ló pọ̀. Ọdún 6 ni gbèsè ń kú nílùú yìí. Ẹ lọ wò ó lórí Google.

ỌmọOlúyọ̀lé
Ìyẹn ló máa ti èèyàn sí wàhálà. Ọdún 6 tó o ń wí, ti kírẹ́díìtì káàdì nìyẹn. Owó tí wọ́n fi ilé dúró fún, ní England àti Wales, Limitation Act 1980, òfin tó sọ iye ọdún tí wọ́n lè fi pe èèyàn lẹ́jọ́, fún wọn ní ọdún 12 lórí ojú owó, ọdún 6 lórí èlé. Àwọn èèyàn ti gbé e dé kóòtù pé ilé ti tà, kí wọ́n kà á sí gbèsè lásán, kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní rárá nínú ẹjọ́ Bartlett ní 2002, ọdún 12 náà ni. Nínú ẹjọ́ Wilkinson ní 2005, House of Lords (kóòtù tó ga jù nígbà yẹn) ní àtìgbà tí owó ti di sísan ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ta ilé.

KúnléE17
Ọdún 6 ni mo kà, mo kà á lójú ara mi.

ỌmọOlúyọ̀lé
Ó ṣeé ṣe kó o kà á, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Òfin FCA, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn báǹkì, ní tí báǹkì bá máa lé èèyàn lórí ìyókù gbèsè, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kó mọ̀ láàárín ọdún 6 tí wọ́n ta ilé. Wọ́n lè sọ fún ẹ lọ́dún kejì, kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n tún jí lọ́dún kẹsàn-án. Ìdí tí mo fi ń béèrè oṣù lọ́wọ́ Àbẹ̀kẹ́ nìyẹn o. Àbẹ̀kẹ́, ibo lo wọlé sí?

Ẹ sì ṣọ́ra fún lẹ́tà tẹ́ ẹ ń kọ. Ẹjọ́ Rashid, House of Lords náà, 2006. Àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn ló bá ọkùnrin yẹn kọ̀wé sí wọn pé kò tíì rọ́wọ́ mú, kí wọ́n ní sùúrù. Lẹ́tà àánú. Òun náà ni wọ́n fi mú un pé ó ti jẹ́wọ́ gbèsè, òǹkà bá tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Sísan díẹ̀ níbẹ̀ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

BàbáTọ́mi
Ẹ̀yin ọmọ 2008, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Ní 1989 èlé Bank of England dé 15%. Ẹ kà á dáadáa, kì í ṣe 5. Ilé tí mo rà ní Lewisham, nígbà tó fi máa di 1991, gbèsè orí ẹ̀ ti ga ju ilé fúnra ẹ̀ lọ. Lọ́dún yẹn nìkan, ilé tó lé ní 75,000 ni wọ́n gbà ní UK. Lọ́jọ́ Sunday ẹ ó kàn gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé lágbájá ti fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpòòwé, ó ti fi ránṣẹ́ sí báǹkì, ó ti wọ bàálù. Kálukú rò pé tí kọ́kọ́rọ́ bá ti lọ, gbèsè bá a lọ.

Èyí tó ká mi lára jù ni ìnṣọ́ránsì. Nígbà tí mo ń rà á wọ́n gba owó lọ́wọ́ mi fún nǹkan tí wọ́n ń pè ní mortgage indemnity, mo ṣebí èmi ni wọ́n ń dáàbò bò. Báǹkì ni! Ilé tà, owó ò pé, ìnṣọ́ránsì san án fún báǹkì, ìnṣọ́ránsì wá yíjú sí mi pé ó yá, san tàwa. Owó ara mi ni mo fi ra pàṣán.

1999 ni lẹ́tà wọn bá mi. Ní February 2000 àwọn báǹkì wá fẹnu kò pé láti ọjọ́ 11 oṣù yẹn lọ, ẹni táwọn ò bá tíì kàn sí láàárín ọdún 6 tí wọ́n ta ilé ẹ̀, àwọn ò ní lé e mọ́. Èmi, wọ́n ti kàn sí mi tán.

ṢọláPeckham
Bàbá, mo dárí jì yín lórí ọ̀rọ̀ ọkọ Ìyá Ìbejì.

Tókunbọ̀Houston
Ẹ kúkú máa bọ̀ ní Texas. Níbí, tí wọ́n bá ta ilé tán tí owó ò pé, ọdún 2 péré ni wọ́n ní láti pè ẹ́ lẹ́jọ́ lórí ìyókù. Àbúrò mi ní California, ilé tóun fúnra ẹ̀ ń gbé, owó tó fi rà á náà ló jẹ, wọn ò lè lé e fún ìyókù rárá.

Adéṣewà
Kí lẹ wá ń ṣe ní Houston?

Tókunbọ̀Houston
Ẹ má bi mí. Owó orí ilé níbí nìkan, ẹ ó sunkún.

AlajoIbadan
E gba mi, ko ye mi o. Won gba ile, won ta ile, e si tun je won?? Nile nibi ti mo ba ti gba ile e, mo ti gba ile e, o pari. Oyinbo o nitiju sha

TíṣàAbẹ́òkúta
Alájọ, o ò rántí ológò? Láyé àwọn bàbá wa, tó o bá jẹ gbèsè tó ò san, ológò ni wọ́n máa rán sí ẹ. Á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ, á máa bú gbogbo ará ilé, adìyẹ tó bá rí á pa á jẹ, kò ní kúrò títí wàá fi san. Ti òyìnbó ò kàn kí ń pa adìyẹ ni.

AlajoIbadan
Emi o ba ti fi owo deposit yen ko ile si Moniya

ÌyáÌbejìDagenham
Kọ́lé sí Mọ́níyà, ká wá máa sùn síbo ní Dagenham? Orí WhatsApp?

KúnléE17
Kọ́lé ní Mọ́níyà kí àwọn ọmọ onílẹ̀ lè tà á fún ẹni mẹ́rin. Ẹni tó ń san mọ́géèjì (owó báǹkì téèyàn fi ra ilé) ṣì mọ ẹni tí òun ń bá jà.

AlajoIbadan
Emi ni receipt ati C of O oga mi, ma ba mi wi

*(Ìja Mọ́níyà yìí gùn o, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bá a lọ lọ́tọ̀. — Adéṣewà)*

Fẹ́míAberdeen
Scotland ńkọ́, a ò sí níbẹ̀ ni? 2013 ni mo ra tèmi, epo rọ̀bì ń tà wàrà, gbogbo ilé iṣẹ́ ń gbani síṣẹ́. 2014 sí 2015 epo já wálẹ̀, wọ́n ní ká máa lọ ilé, ilé gan-an náà kọ̀ kò tà. Ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbé bọ́ọ̀dù "For Sale" kọ́rùn títí àwọ̀ ara ẹ̀ fi ṣí. Níbí, ọdún 5 ni báǹkì ní láti sọ fún ẹ, kì í ṣe 6, òfin gbèsè wa náà yàtọ̀, torí náà ẹ má fi ti England gba ẹni tó wà ní Scotland nímọ̀ràn. Tèmi, wọ́n kọ̀wé lóṣù tó tẹ̀ lé ìgbà tí wọ́n tà á, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n mí. Mo ṣì ń san £40.

Àbẹ̀kẹ́SE28
Ẹ má bínú, iṣẹ́ ni. September 2019 ni. Ó ní òun ò rí lẹ́tà kankan látìgbà yẹn, àmọ́ ó ti kó lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní Erith, bóyá fúláàtì àtijọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ó sì ti pè wọ́n kí n tó débẹ̀ o. Ó ti san £20, ó ní kí wọ́n lè mọ̀ pé ọmọlúàbí lòun.

ṢọláPeckham
😩😩😩

Adéṣewà
Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ bọ̀dá yẹn.

ỌmọOlúyọ̀lé
Ó dáa, kò tíì bàjẹ́. Ọdún 12 ò tíì sún mọ́ tòsí, £20 ò lè ba púpọ̀ jẹ́ lórí ìyẹn. Kó dúró síbẹ̀ ni. Kó kọ̀wé sí báǹkì àti sí ilé iṣẹ́ yìí, kó fi síbẹ̀ pé òun ò tíì gbà pé òun jẹ wọ́n, kó ní kí wọ́n kó gbogbo ohun tí wọ́n ní lórí òun wá, subject access request ni wọ́n ń pè é, ọ̀fẹ́ ni, oṣù kan ni wọ́n ní láti dáhùn. Nǹkan tó ń wá níbẹ̀: lẹ́tà tí wọ́n ní àwọn fi sọ fún un, ọjọ́ ara ẹ̀, àdírẹ́sì tí wọ́n kọ ọ́ sí. Iye tí wọ́n díwọ̀n ilé àti iye tí wọ́n tà á gan-an, torí báǹkì ò gbọdọ̀ kàn ta ilé ẹlẹ́ni ní ìtàkutà, iye tó dáa jù tó ṣeé rí ló yẹ kí wọ́n wá. Àti ẹ̀rí pé ilé iṣẹ́ tó kọ lẹ́tà yìí ra gbèsè náà lóòótọ́. Tí ìdáhùn wọn bá wọ́, Financial Ombudsman, tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí báǹkì, wà.

Àbẹ̀kẹ́SE28
Ẹ ṣé gan-an sà. Tó bá wá jẹ́ pé ó jẹ wọ́n lóòótọ́ ńkọ́? Kò ní £31,000, kò ní £3,000 pàápàá.

ÌyáÌbejìDagenham
Kó lọ bá StepChange (àwọn náà ń gbani nímọ̀ràn lórí gbèsè) tàbí Citizens Advice, DRO wà, ìyẹn Debt Relief Order, àṣẹ tí wọ́n fi ń pa gbèsè ẹni tí ò ní rẹ́. Kò gba kọ́bọ̀ mọ́ láti April 2024, iye gbèsè tó lè wọnú ẹ̀ sì ti dé £50,000 láti June ọdún yẹn. Lẹ́yìn oṣù 12 wọ́n á pa á rẹ́. Bankruptcy ní tiẹ̀ £680 ni wọ́n ń gbà kí wọ́n tó bá ẹ ṣe é, ta ló ní £680 láti fi sọ pé òun ò lówó.

OwóYanjúConsult
Ẹ kú iṣẹ́. Mo ń bá àwọn èèyàn pa gbèsè rẹ́ pátápátá láàárín ọ̀sẹ̀ kan, £250 péré, ẹ wá sí inbox.

Adéṣewà
Ológò ti dé o, ẹ kó adìyẹ wọlé.

KúnléE17
DRO yẹn, ṣé wọn kì í gba mọ́tò?

ÌyáÌbejìDagenham
Tí iye ẹ̀ ò bá ju £4,000 lọ, wọ́n á fi sílẹ̀. Mọ́tò wo lo ní?

KúnléE17
Mò ń béèrè fún ọ̀rẹ́ mi ni.

ṢọláPeckham
Mọ́tò wo ni ọ̀rẹ́ ẹ ní?

KúnléE17
Mercedes. Àmọ́ ó ti gbó.